Bá a ṣe ń fi yẹ̀yẹ́ súpáhírò wáṣẹ́ l'Óṣogbo láì ya wèrè

Nígbà tá a wà ní kékeré l'Ókè-Bàálẹ̀, ìró màmá wa la máa ń so mọ́ ọrùn, a ó gun orí fẹ́ǹsì, a ó pariwo "Súpámáànù!", a ó bẹ́. Èmi bẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ mi yí, màmá mi kọ́kọ́ yẹ ìró wọn wò bóyá ó ti ya kí wọ́n tó wá wo ẹsẹ̀ mi. Ọdún ti gorí ọdún, mo ti kàwé, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo ti jókòó sí ọ́fíìsì fún ọdún mẹ́rin, àfi bí wọ́n ṣe pe àwa mẹ́fà wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè kan tí wọ́n ní owó ò wọlé mọ́, ká ṣì máa lọ sílé ná, àwọn á pè wá. Títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí wọn ò tíì pè. Fóònù mi ò bàjẹ́ o, mo máa ń ní kí àbúrò mi pè é wò.

Ohun tó ń jẹ́ kí n lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ kì í ṣe àdúrà nìkan (àdúrà wà ńbẹ̀ o, màmá mi lè ka èyí), yẹ̀yẹ́ súpáhírò tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ ni. Àwa tá a dàgbà sídìí fídíò mọ̀ pé èèyàn méjì ló wà nínú fíìmù, ákítọ̀ àti bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ló ń ni aráyé lára. Ákítọ̀ ni wọ́n máa ń lù látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á jó ilé ẹ̀, wọ́n á jí ìyàwó ẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n ákítọ̀ kì í kú. Tó o bá rí i pé ó kú, lọ wá apá kejì. Mo ní kí n kọ bá a ṣe ń ṣe é sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà nílé báyìí tí wọ́n ń ka àjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ ẹ má bínú, "o" ni mà á máa lò lọ, ó yá lẹ́nu ju "ẹ" lọ.

Kó o tó bẹ̀rẹ̀ rárá

Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lo ń sọ. Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde, Amẹ́ríkà ò sì tíì bọ́ nínú ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ọ̀dá tó le débi pé ní 1933 nǹkan bí ẹnì kan nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan ní Cleveland, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ni wọ́n ronú ẹ̀, ọ̀kan ń kọ ìtàn, èkejì ń yàwòrán. Ẹ wá gbọ́ iye tí wọ́n tà á: 130 dọ́là, gbogbo ẹ̀tọ́ orí ẹ̀. Ọkùnrin tó ń fò, tó ń gbé mọ́tò lókè, 130 dọ́là! Ìgbà kúùgbà tí mo bá rántí pé mo ti ta fóònù mi kan ní ìdajì owó, mo máa ń rántí àwọn méjèèjì yìí, ara á sì tù mí díẹ̀.

Súpámáànù fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé o ti kíyè sí i pé ó níṣẹ́ oṣù? Pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ń lọ, tòun ti tai àti awò ojú, tí ọ̀gá ń pariwo mọ́ ọn. Spider-Man tó jáde ní 1962, owó ilé ló máa ń wà lọ́rùn ẹ̀, fọ́tò ara ẹ̀ ló ń yà tó ń tà fún ìwé ìròyìn, ọ̀gá tó ń ra fọ́tò yẹn náà ló tún ń bú u lójú ewé àkọ́kọ́. Èèyàn wa nìyẹn. Batman nìkan ni kì í ṣe ẹgbẹ́ wa, owó bàbá ẹ̀ ni agbára ẹ̀.

Ìkíní: fún ara ẹ lórúkọ, kó o kọ oríkì tì í

Orúkọ náà, inú ohun tó fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni kó o ti yọ ọ́. Èmi ò dá a sílẹ̀, ìlú wa ló kọ́ mi. Àwọn àgbà ní nígbà tí wọ́n gé igi lulẹ̀ sínú odò, ohùn kan ké látinú omi pé àwọn oṣó inú igbó ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun, ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá, ìlú aró ni wọ́n sì ń pè wá títí dòní. Tó o bá rò ó dáadáa, igbe ẹni tí ọjà ẹ̀ bàjẹ́ ló di orúkọ ìlú. Kí ló wá dé tí tèmi ò lè di orúkọ?

Nítorí náà, èmi tí mo ti fi ìwé wáṣẹ́ ránṣẹ́ síbi mẹ́tàlélógójì, Alápúláì ni mò ń jẹ́. Oríkì mi rèé:

Alápúláì ọkọ síífíì,
afi-dátà-òru-wáṣẹ́-ọ̀sán,
afẹsẹ̀-rin-Òkè-Fìà-d'Ábéré bí ẹni ń lọ sí bálùwẹ̀,
ajẹ̀bà-láìsẹ́ran-bí-ẹni-jàsè,
wọ́n ní kò sáyè, ó ní kí wọ́n sún díẹ̀.

Kíké ni kó o ké e o, má kà á sínú. Dúró níwájú díńgí, ké e síta. Àkọ́kọ́ á ṣe ẹ́ bí ìtìjú, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ẹ̀rín á ja ẹ́, ẹ̀rín yẹn la sì ń wá.

Òfin kan wà níbí tí mi ò fẹ́ kó o ṣẹ̀. Bọ́ọ̀sì la ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í fi ákítọ̀ ṣe é. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin sọ ara ẹ̀ ní Ọ̀lẹmáànù, gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó dùn gan-an, àmọ́ bó ṣe ń jẹ́ orúkọ yẹn lójoojúmọ́ la rí i tí kò wá jí mọ́ títí di agogo mọ́kànlá, tó o bá sì ní kó wá ká lọ síbì kan, á ní "ṣé Ọ̀lẹmáànù lò ń bá sọ̀rọ̀". Ara máa ń gbọ́ ohun téèyàn ń pe ara ẹ̀. A gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹ̀, a bu píọ̀wọ́tà méjì lé e lórí gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, ó ń jẹ́ Arìnrìn-Má-Rẹ̀ báyìí.

Ìkejì: sọ àwọn bọ́ọ̀sì lórúkọ

Ibí ló dùn jù, má kánjú. Ìyà tí ò lórúkọ dà bí ẹní ń bá òkùnkùn jà, o ò mọ ibi tó o máa gbá. Ṣùgbọ́n tó o bá ti fún un lórúkọ, tó o dé e ní fìlà, tó o fi ikùn sí i níwájú, ó ti di ẹni téèyàn lè bú nìyẹn.

Àwọn tiwa: Ọ̀gbẹ́ni A-Máa-Pè-Ẹ́-Padà, tí kò ní nọ́ńbà ẹnì kankan nínú fóònù ẹ̀. Olóyè Ìrírí-Ọdún-Márùn-ún, tó ń wá ọmọ ọdún méjìlélógún tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, bóyá ọmọ tó ń gbé síífíì dání nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Màdáámù Ta-Ló-Rán-Ẹ-Wá, tó máa ń wo ẹ̀yìn ẹ bóyá sẹ́nétọ̀ ń tẹ̀ lé ẹ bọ̀. Bọ́ọ̀sì Sọ́bísídì náà wà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí ò tíì tó igba náírà tẹ́lẹ̀ bá di nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó kórópe tẹ̀ lé e, kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Agbára tiẹ̀ ni pé ó ń jẹ owó ẹ kó o tó rí i, torí àtilọ síbi íńtáfíù pàápàá ti di nǹkan téèyàn ń dá àjọ fún. Nígbà tí wọ́n sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà ní 2024, àwa tá ò níṣẹ́ náà bá wọn jó. A bá wọn jó, a ò bá wọn gbà.

Olórí gbogbo wọn wá ni Ìṣẹ́. Wò ó dáadáa: iṣẹ́ àti ìṣẹ́, lẹ́tà wọn ò yàtọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kan péré ló wà láàárín wọn. Ohun tí Ìṣẹ́ máa ń ṣe ni pé á ṣí àmì orí ẹ̀ kúrò bí ẹní ṣí fìlà, á wọ kóòtù, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní "èmi niṣẹ́, wọlé." Ọ̀rẹ́ wa kan tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ kan pé "mo ti ri ise o", kò fi àmì kankan sí i bí gbogbo wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú oríire, ẹnì kan ti ń béèrè màlúù, ẹnì kan ti ń béèrè bóyá àyè ṣì kù níbẹ̀. Ó jẹ́ kí gbogbo wa kí i tán kó tó fi ohùn ránṣẹ́: "Ìṣẹ́ ni mo ní! Ì-ṣẹ́! Ẹ fi àmì sí i!" Mo rẹ́rìn-ín débi pé ará ilé wa kan wá kanlẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá fi ìpolówó iṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí wa, ohun tá a kọ́kọ́ ń bi ara wa ni "àmì wo ló wà lórí ẹ̀?" Yẹ̀yẹ́ yìí ti gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn tó ní kó o san ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó fọ́ọ̀mù, Ìṣẹ́ ni. Àwọn tó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé wọ́n ti mú ẹ fún íńtáfíù níbi tó ò béèrè iṣẹ́ sí, kó o wọ kóòtù wá ní agogo mẹ́jọ, o débẹ̀ o bá ọgọ́rùn-ún èèyàn lórí àga oníke, ẹnì kan dìde pẹ̀lú máká ó ń ya róbótó sí bọ́ọ̀dù, ó ní ìwọ náà á mú ẹni méjì wá, ẹni méjì á mú ẹni mẹ́rin wá, Ìṣẹ́ ni, jọ̀ọ́ dìde bí ẹni fẹ́ tọ̀, kó o máa lọ. Ara Spider-Man máa ń sọ fún un kí ewu tó dé. Tiwa náà ń sọ fún wa, "ara fu mí" là ń pè é. Ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹ.

Ìkẹta: ka agbára ẹ

Mú bébà kan, fa ìlà sáàárín ẹ̀. Kọ agbára tó o ní látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ sápá òsì, bó bá ṣe le yẹ̀yẹ́ tó ni kó o kọ ọ́. Kó o wá kọ òótọ́ tó wà nídìí ẹ̀ sápá ọ̀tún.

Èmi kọ "ẹni tó lè fi sáṣẹ́ẹ̀tì tòmátì kan se ọbẹ̀ ọjọ́ méjì fún èèyàn mẹ́rin" sápá òsì. Sápá ọ̀tún: mo mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan l'ọ́jà Ìgbọ̀nà àti l'Ọ́jà Ọba, mo mọ ọjọ́ tó ń wọ́n àtọjọ́ tó ń rọ̀, mo lè nájà, mo sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí mo wo apá ọ̀tún yẹn, mo rí i pé ohun tí ilé oúnjẹ àti ilé ìwé tó ń bọ́ ọmọ ń wá gan-an nìyẹn, ẹni tó máa rajà fún wọn tí kò ní jí owó wọn. Mo kọ ọ́ sínú síífíì mi, láìfi ọ̀rọ̀ tòmátì sí i o.

Mo tún kọ "Dókítà Fóònù". Gbogbo àwọn màmá àdúgbò wa ló ń gbé fóònù wá, WhatsApp ẹnì kan ti sá lọ, ẹnì kan ò gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀ tó wà ní Kánádà mọ́, ẹnì kan ti fi ìka kan gbogbo nǹkan títí fóònù fi ń sọ èdè Lárúbáwá. Sápá ọ̀tún mo kọ pé mo ní sùúrù fún oníbàárà. Mo wá bá bọ̀ọ̀dá tó ń ṣe POS ní ìkóríta wa sọ̀rọ̀, wọ́n jẹ́ kí n gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láàárọ̀ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, mò ń gba ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Àwọn ẹbí ò ní sanwó láéláé, iṣu ni wọ́n ń gbé wá, mo sì ń gbà á.

Mo kọ "àìrí" náà, ìyẹn agbára tí mo fi ń pòórá tí lándílọ́ọ̀dù bá ti wúkọ́ ní géètì. Mo dé apá ọ̀tún, mi ò rí nǹkan kan kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wo àyè òfìfo yẹn. Agbára tí ò ní nǹkan lápá ọ̀tún, ẹ̀rù ló wọ aṣọ ákítọ̀. Mo lọ bá bàbá náà lọ́jọ́ kẹrin, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n bú mi dáadáa, wọ́n sì gbà kí n máa san án lóṣooṣù.

Ìkẹrin: mọ kryptonite ẹ

Òkúta aláwọ̀ ewé tó jẹ́ pé tó bá ti sún mọ́ Superman, agbára tán. Tèmi ni oorun ọ̀sán àti fọ́tò àwọn tá a jọ kàwé tí wọ́n dúró sínú yìnyín. Mo ti pa ojú ìwé wọn dé lórí fóònù mi, mo ṣì ń gbàdúrà fún wọn. Tìẹ ńkọ́? Kọ ọ́ sílẹ̀, sọ fún ẹnì kan, ó parí.

Ìkarùn-ún: wọ aṣọ

Ọmọ Yorùbá ò nílò kí wọ́n kọ́ ọ ní ti aṣọ yìí. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀kú wọ̀, kì í ṣe bàbá lágbájá mọ́, wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá ó ti san gbèsè ẹ̀pà. Jí ní agogo mẹ́fà ààbọ̀, wẹ̀, wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ (iná ò sí? fi sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sùn láti alẹ́), kó o wọ bàtà, kódà tó bá jẹ́ pé inú pálọ̀ lo máa jókòó sí. Ké oríkì ẹ. Kó o wá dárúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ákítọ̀ máa jẹ́ lónìí: ibi méjì tó o máa kọ̀wé sí, tàbí ẹnì kan tó o máa lọ kí. Má ṣe kó mẹ́wàá jọ, ákítọ̀ tó bá bá bọ́ọ̀sì mẹ́wàá jà lọ́jọ́ kan á kàn lọ sùn ni. Tó o bá ti ṣe é, bọ́ aṣọ, o lè wá fi ṣókótó péńpé jókòó síwájú ilé láìjẹ̀bi.

Ìkẹfà: "Ṣé o ti ríṣẹ́?"

Ìbéèrè yìí ń bọ̀, ó ń bọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ó ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ó ń bọ̀ láti ẹnu àwọn tí ò ní fún ẹ ní owó kórópe. Kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, torí yẹ̀yẹ́ tí ò kọ́kọ́ kí àgbà, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa pè é. Lẹ́yìn náà kó o ní: "Àǹtí mi, èmi àti bọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ó gbá mi lẹ́ẹ̀kan, mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni kó o sọ ohun tó o fẹ́, má jẹ́ kó tutù: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tó máa ṣírò owó tàbí rajà, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mi." Ẹni tó ń ṣàánú ẹ kì í rántí nọ́ńbà ẹ, ẹni tó o pa lẹ́rìn-ín máa ń rántí. Ibi ìsìnkú ni mo ti rí íńtáfíù mi kejì lọ́nà yìí, wọn ò mú mi o, ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní mẹ́ẹ̀tì páì.

Ìkeje: má dá ṣe é

Àwa mẹ́rin máa ń pàdé ní Sátidé, ìgbà míràn ní Freedom Park ní Old Garage, ìgbà míràn nílé ẹni tíná bá wà. Kálukú á ròyìn bọ́ọ̀sì tó bá jà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tí wọ́n ti lù jù ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Owó ìwọlé ni ìròyìn iṣẹ́ kan, ìyẹn ni pé o ò lè wá láìmú ibì kan tó o gbọ́ pé wọ́n ti ń wá èèyàn dání, kódà kó jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Nínú oṣù Kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń kó àlejò wọ̀lú, ibẹ̀ la ti máa ń gbọ́ ẹni tó ń wá ọmọ tó máa ta omi, tó máa ya fọ́tò, tó máa júwe ọ̀nà fún àlejò, èyí tó já sí owó gidi.

Ìkẹjọ: ibi tí kò yẹ kó o ti ṣe é

Má ṣe é níwájú ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́, fi oríkì sílé. Má ṣe é fún ìyàwó ẹ nígbà tí ìkòkò bá ṣófo, ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ míì wọ̀ ọ́, lọ wá gàrí ná kó o tó sọ pé ákítọ̀ dé. Má fi iṣẹ́ ẹlòmíì tó bọ́ lánàá ṣe é, jẹ́ kó sunkún ẹ̀ tán, òun fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀.

Tó bá wá di pé ẹ̀rín ò jáde mọ́ rárá, tí oorun ti lọ ní ọ̀sẹ̀ bíi méjì, tí oúnjẹ ń korò, tàbí tó ò ń rò ó pé ó sàn kó o má sí mọ́, ìyẹn ti kọjá ìtọ́sọ́nà yìí. Pe ẹnì kan lóru yẹn gan-an, má dúró dàárọ̀, kí wọ́n bá ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀kan nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Agogo méjì òru ló pè mí, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan, èmi náà ò ṣe. Mo kàn wọ bàtà ni.

Òun náà ló kọ́kọ́ ríṣẹ́ nínú wa, ní oṣù kẹta lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ tó ní àmì tó dáa lórí. A yí orúkọ ẹ̀ padà sí Batman lójú ẹsẹ̀ torí owó ti dé, òun ló sì ń ra dátà fún àwa mẹ́ta yòókù ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ó ṣì ń wá ní Sátidé. A ṣì ń gba ìròyìn iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé.